Orúkọ ara táńkì kì í ṣe ẹ̀rí: bí a ṣe ń mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù àtijọ́

Ayékòótọ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ilé-iṣẹ́ alùpùpù àtijọ́ jọ sójú kan: Triumph, BSA, Norton, Indian, DKW àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìtàn tí à ń kà káàkiri kò ju "wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún báyìí, wọ́n kógbá sílé lọ́dún báyìí" lọ. Ìbéèrè tèmi rèé: bí èèyàn bá dúró síwájú alùpùpù tí wọ́n ní ó ti pé àádọ́ta ọdún, kí ni yóò wò tí yóò fi mọ ẹni tó ṣe é, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ibi tí yóò ti yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹ má ròyìn ẹwà fún mi o. Ọdún, nọ́ńbà àti orúkọ ni mo fẹ́.

Bàbá Sípánà
Àbúrò, kọ́kọ́ mú ojú kúrò lára táńkì. Nínú òwò yìí, orúkọ ni wọ́n tà jù, wọ́n tà á ju alùpùpù fúnra rẹ̀ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni kó o bi ara rẹ: ta ló rọ ẹ́ńjìnì yìí, ta ló ni orúkọ náà lọ́dún yẹn, ìlú wo ni wọ́n ti tò ó? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gbé ilé kan náà.

Láti ìpìlẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni Siegfried Bettmann, ọmọ Nuremberg, kọ́kọ́ ń tà ní Coventry lórúkọ Triumph. Nígbà tó gbé alùpùpù àkọ́kọ́ jáde ní 1902, ẹ́ńjìnì Minerva láti Bẹ́ljíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Norton tí Rem Fowler gùn tó fi gba ipò kìíní láàárín àwọn onísílíńdà méjì nínú ìdíje TT àkọ́kọ́ ní Isle of Man, 1907? Ẹ́ńjìnì Peugeot. Kí BMW tó gbé R32 tirẹ̀ jáde ní 1923, ó ti ń ta ẹ́ńjìnì M2B15 fún Victoria ní Nuremberg. Brough Superior tí George Brough ń ṣe ní Nottingham láti 1919 sí 1940 wá ga jù: ẹ́ńjìnì JAP tàbí Matchless, àpótí jíà Sturmey-Archer. Ohun tí Brough ń tà ni ojú tó fi ń yan nǹkan, ọwọ́ tó fi ń tò ó, àti ìdúró rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà: SS80 gbọ́dọ̀ sá 80 máìlì ní wákàtí kan, SS100 gbọ́dọ̀ sá 100.

Àǹfààní ìmọ̀ yìí kì í ṣe àfẹnusọ lásán. Ẹ́ńjìnì Villiers ti Wolverhampton wà nínú Francis-Barnett, James, Greeves, Cotton, DOT àti àìmọye mìíràn. Ẹni tó ń wá písítìnì "James" yóò wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà Villiers lára ẹ́ńjìnì, tó sì fi wá písítìnì, yóò rí i.

Bàbá Sípánà
Mo fẹ́ fi Triumph ṣàlàyé ìbéèrè kejì, torí òun ló ń dààmú àwọn èèyàn jù.

Coventry ló wà títí di alẹ́ 14 Nòfẹ́ńbà 1940 tí bọ́ǹbù Jámánì wó o. Ní 1942 wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun ní Meriden. BSA rà á ní 1951. Nígbà tí BSA fúnra rẹ̀ dojú dé ní 1973, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Norton Villiers, wọ́n pe àpapọ̀ náà ní NVT. NVT ní òun máa ti Meriden pa; làwọn òṣìṣẹ́ bá sé ẹnubodè, wọ́n jókòó síbẹ̀. Láti 1975 títí di 1983, ẹgbẹ́ àjọṣe àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ló ń ṣe Bonneville. John Bloor ra orúkọ náà ní 1983, ó sì fún Les Harris láyè láti máa to Bonneville ní Devon láti 1985 sí 1988. Triumph tuntun tí Bloor fúnra rẹ̀ ń ṣe ní Hinckley kò dé ọjà títí di 1991.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé "Triumph Bonneville" ni tòun, kò tíì sọ nǹkan kan. T120, 650 cc, ni èyí tó jáde fún módẹ́lì 1959. T140, 750 cc, dé ní 1973. Ti Hinckley ní tirẹ̀ kò bá ti Meriden pín bóòtù kan ṣoṣo nínú ẹ́ńjìnì.

Irin Kì Í Purọ́
Ẹ ṣé, Bàbá Sípánà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti nọ́ńbà, torí òun ló ń tú àṣírí.

Láti módẹ́lì 1969, Triumph àti BSA ń lo kóòdù kan náà: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà, lẹ́yìn náà orúkọ módẹ́lì. Lẹ́tà kìíní ni oṣù: A Jánúárì, B Fẹ́búárì, C Máàṣì, D Éépírì, E Méè, G Júùnù, H Júláì, J Ọ́gọ́ọ̀sì, K Sẹ̀tẹ́ńbà, N Òkìtóbà, P Nòfẹ́ńbà, X Dìsẹ́ńbà. Lẹ́tà kejì ni ọdún módẹ́lì, àwọn lẹ́tà kan náà ni: C 1969, D 1970, E 1971, G 1972, H 1973, J 1974, K 1975, N 1976, P 1977, X 1978, A 1979, B 1980.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà rèé: ọdún módẹ́lì kì í ṣe ọdún kàlẹ́ńdà. Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn. Alùpùpù tó bá ní JD, Ọ́gọ́ọ̀sì 1969 ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe Ọ́gọ́ọ̀sì 1970. AD ló jẹ́ Jánúárì 1970. Bí ìwé bá sọ 1969 tí ẹni tó ń tà á sì sọ 1970, ó lè jẹ́ pé òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ.

Kí kóòdù yìí tó dé, Triumph 650 tí ẹ́ńjìnì àti jíà rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà ní DU níwájú nọ́ńbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti DU101 fún módẹ́lì 1963.

Ọmọ Kíkì
Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà F ńkọ́? Mo rí ẹ́ńjìnì kan tí wọ́n kọ FH sí.

Irin Kì Í Purọ́
Kò sí F níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí I, L, M tàbí O. Bó bá jẹ́ pé F ni lóòótọ́, ọwọ́ ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ ná, kó o tún un wò dáadáa, torí E tí ìdọ̀tí dí lẹ́sẹ̀ máa ń jọ F.

Wo ojú irin tí nọ́ńbà náà wà pẹ̀lú. Láti nǹkan bí 1969, Triumph ti ń tẹ orúkọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ káàkiri ojú ibẹ̀, kí wọ́n tó wá tẹ nọ́ńbà lé e lórí. Ẹni tó bá fi fáìlì ha nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, àwọn orúkọ wẹ́wẹ́ yẹn bá a lọ nìyẹn. Bí o bá fọwọ́ kàn án tó dán bíi dígí, tàbí tó jin díẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Jíà
Bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì kò bá bá ti fíréèmù mu ńkọ́? Àwọn kan á ti pariwo olè.

Irin Kì Í Purọ́
Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì máa ń bú, wọ́n á sì gbé òmíràn sí i. Ohun tó dájú ni pé iye tó yẹ kí wọ́n tà á gbọ́dọ̀ wálẹ̀, torí àwọn tó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ fẹ́ kí méjèèjì bára mu. Bí ó bá jẹ́ pé fíréèmù ni kò bá ìwé mu, má rà á.

Vincent tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Lára onísílíńdà méjì ti Series B àti Series C, nọ́ńbà fíréèmù òkè àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ó sì fi 1900 ju nọ́ńbà ẹ́ńjìnì lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá jẹ́ 5000, kí fíréèmù jẹ́ 6900. Apá méjèèjì àpótí ẹ́ńjìnì náà tún ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bára mu. Àfikún àti àyọkúrò lásán ni, síbẹ̀ òun ló ń mú ọ̀pọ̀ Vincent Black Shadow tí wọ́n fi àjákù kó jọ.

Agbọ́ndò Irin
Ẹ má fi ojú Bìrìtìkó yìí wo Harley o! Ṣáájú 1970, fíréèmù Harley-Davidson kò ní nọ́ńbà rárá. Ẹ́ńjìnì nìkan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, àwọn nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ sì ni ọdún: 47FL túmọ̀ sí módẹ́lì 1947. Bí ẹnì kan bá mú Harley 1955 wá tó ní "nọ́ńbà fíréèmù rẹ̀ rèé, ó bá ẹ́ńjìnì mu", ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló ń fi hàn ọ́ yẹn. 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà sí méjèèjì.

Nítorí pé ẹ́ńjìnì ló gbé gbogbo ẹ̀rí, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀tàn wà. Dùbúlẹ̀, fi iná wo abẹ́ àpótí ẹ́ńjìnì. Wọ́n tẹ nọ́ńbà kékeré sí apá òsì àti apá ọ̀tún nísàlẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lu ihò bíárìn àwọn méjèèjì pọ̀. Bí nọ́ńbà abẹ́ yẹn kò bá bára mu, apá ẹ́ńjìnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so pọ̀, bíárìn kíráńkì kò sì ní jókòó dáadáa.

WLA, Harley ti àwọn ológun, wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. 42WLA ni wọ́n tẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, yálà 1942 ni wọ́n ṣe é tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Má fi 42 nìkan búra.

Àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ́ńjìnì wọn, ìdérí orí sílíńdà ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́: Knucklehead láti 1936, Panhead láti 1948, Shovelhead láti 1966. Evolution tó dé ní 1984 ni ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ń jẹ́ AMF ló ni Harley láti 1969 títí di 1981 tí àwọn ọ̀gá mẹ́tàlá fi rà á padà. Wọ́n ti bú alùpùpù ayé AMF ju bó ṣe yẹ lọ, lójú tèmi. Bí ẹnì kan bá ti tú u tò dáadáa látìgbà náà, àìpé ilé-iṣẹ́ ti kúrò nínú rẹ̀.

Ayékòótọ́
Indian ńkọ́? Mo rí "Indian Chief 1959", ṣùgbọ́n wọ́n ní 1953 ni wọ́n ti pa.

Agbọ́ndò Irin
Òótọ́ ni méjèèjì. George Hendee àti Oscar Hedstrom ló dá Indian sílẹ̀ ní Springfield, Massachusetts, ní 1901. Ní 1911 wọ́n gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta nínú TT Isle of Man. Springfield dáwọ́ Chief dúró ní 1953. Láti 1955 títí di 1960, Royal Enfield láti Redditch ni wọ́n ń kun lọ́dà, tí wọ́n ń lẹ orúkọ Indian mọ́ lára. Chief 1959 tó o rí yẹn, ẹ́ńjìnì Enfield 700 ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá ń wá gásíkẹ̀ẹ̀tì rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà Enfield Meteor ni kó o lọ. Polaris ra orúkọ náà ní 2011.

Táńkì Òfo
Royal Enfield tiẹ̀ tún yẹ ní àyè tirẹ̀, torí òun ni ìtàn rẹ̀ kò já. Redditch, 1901. Orúkọ Bullet jáde ní 1932. Nígbà tí àwọn ológun Íńdíà fẹ́ Bullet 350 púpọ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950, wọ́n dá Enfield India sílẹ̀ ní Madras ní 1955. Wọ́n kọ́kọ́ ń to ohun tó ti Redditch wá, nígbà tó yá wọ́n gba ẹ̀rọ ìrọ, wọ́n ń rọ ọ́ fúnra wọn. Redditch ti pa ní 1967. Interceptor tó gbẹ̀yìn ní Bìrìtìkó parí ní 1970 ní ẹ̀gbẹ́ Bradford-on-Avon. Madras kò dúró.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ní Bullet Redditch ti àwọn ọdún 1950: ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó wá láti Íńdíà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn ojú ṣáàfù àti ihò bíárìn kó o tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Má fi "wọ́n jọ ara wọn" ṣe ìwọ̀n.

Bàbá Sípánà
Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn gan-an ni mo fẹ́ dá dúró lé, torí ibẹ̀ ni ìtàn ilé-iṣẹ́ ti ń di ọ̀rọ̀ sípánà.

Alùpùpù Bìrìtìkó àtijọ́ kì í lo mílímítà. Sípánà Whitworth ni, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kì í sì í ṣe ìbú orí nọ́ọ̀tì. Bí ọ̀pá bóòtù ṣe nípọn tó ló ń sọ. Sípánà tí wọ́n kọ 1/4W sí, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.525 ínṣì, ìyẹn nǹkan bíi 13.3 mm. 13 kò ní wọ̀ ọ́, 14 á máa yọ̀. Ẹni tó bá fi 14 tú u, orí nọ́ọ̀tì ni yóò jẹ. Sípánà kan náà ni wọ́n tún ń pè ní 5/16 BS. Má jẹ́ kó rú ọ lójú.

Ojú ọ̀nà bóòtù, eyín tó yí ara rẹ̀ ká, ló tún le jù bẹ́ẹ̀. CEI, BSF àti UNF ni orúkọ oríṣi ọ̀nà náà. Ọ̀pọ̀ bóòtù alùpùpù jẹ́ CEI, ọ̀nà 26 nínú ínṣì kan, igun 60. BSF 1/4 náà ní ọ̀nà 26, ṣùgbọ́n igun tirẹ̀ jẹ́ 55. Ó máa wọlé. Ó tiẹ̀ máa mú dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá fa ọ̀nà inú alumíníọ̀mù yọ bí okùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni BSA àti Triumph wá ń yí padà sí UNF díẹ̀díẹ̀, 1/4 rẹ̀ sì ní ọ̀nà 28. Nítorí náà ẹ́ńjìnì ọdún ìyípadà lè ní oríṣi mẹ́ta nínú. Ra ìwọ̀n ọ̀nà bóòtù, èyí tó ní eyín bíi ti ayùn. Má fi ojú díwọ̀n.

Ìyá Jíà
Mo fi ti Japan kún un: síkúrúù orí àgbélébùú tó wà lára Honda, Suzuki, Yamaha àti Kawasaki àtijọ́ kì í ṣe Phillips, JIS ni, ìwọ̀n ti Japan fúnra wọn. Orí Phillips máa ń fò jáde níbẹ̀, á sì jẹ ẹ́. Àmì kékeré bíi ojú abẹ́rẹ́ sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Sukurudíráífà JIS, òòlù kékeré lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó o tó yí i.

Ọ̀gá Èéfín
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ DKW, bẹ́ẹ̀ òun ni baba ọ̀pọ̀ wọn. Jørgen Skafte Rasmussen, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, ló ni ín ní Zschopau, ní Jámánì. Two-stroke ni wọ́n ń ṣe, ẹ́ńjìnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀tọ́ iṣẹ́ Schnürle, tó fi ihò méjì darí epo tuntun lọ sí ẹ̀yìn sílíńdà kó lè ti èéfín jáde, tí orí písítìnì fi lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣáájú èyí, orí písítìnì máa ń yọ gegele, ó wúwo, ó sì máa ń gbóná jù.

RT125 jáde ní 1939. Lẹ́yìn ogun, wọ́n pín in bí ẹran ìkógun. Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe é lórúkọ Moskva M-1A ní 1946. BSA ṣe é lórúkọ Bantam ní 1948. Harley-Davidson náà ṣe 125 tirẹ̀ láti ara rẹ̀. Yamaha fi ṣe YA-1, alùpùpù àkọ́kọ́ tirẹ̀, ní 1955. Zschopau fúnra rẹ̀ di MZ. Wọn sílíńdà Bantam D1 àti YA-1: 52 mm lórí 58 mm, 123 cc, bí wọ́n ṣe wà nínú RT.

Má wá rò pé ẹ̀yà wọn bára wọ̀. BSA yí àwòrán padà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo dígí, kí jíà lè bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ di ínṣì.

Ẹ̀kọ́ two-stroke kò sì dúró ní Zschopau. Walter Kaaden ló mú ẹ́ńjìnì ìdíje MZ débi tó dé, pẹ̀lú páìpù èéfín tó ń ti epo tó fẹ́ sá padà sínú sílíńdà. Ní 1961 Ernst Degner, tó ń gùn fún wọn, sá kúrò ní Ìlà Oòrùn Jámánì, ó mú ìmọ̀ náà lọ bá Suzuki. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Suzuki gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 50 cc.

Táńkì Òfo
Ọ̀gá Èéfín, ẹ fi ti BMW kún un, torí ẹ̀tàn pọ̀ níbẹ̀. Sófíẹ́ẹ̀tì tún ṣe R71 lórúkọ M-72 láti 1941. Ilé-iṣẹ́ náà kó lọ sí Irbit nígbà ogun, òun ló di Ural. Ṣáínà náà ṣe é, wọ́n pè é ní CJ750. Àwọn kan ń kun wọ́n ní àwọ̀ ológun, wọ́n á lẹ àmì BMW mọ́ ọn, wọ́n á ní ti ogun ni.

Ọ̀gá Èéfín
Bẹ́ẹ̀ ni o. Yọ kabúrétọ̀ àti ìdérí ẹ́ńjìnì, kó o wo ẹ̀yìn irin tí wọ́n dà. Bí o bá rí lẹ́tà Rọ́ṣíà tàbí ti Ṣáínà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ Kíkì
Kí ló wá pa àwọn Bìrìtìkó gan-an? Ṣé Honda ni?

Bàbá Sípánà
Honda kàn wá bá òkú nílẹ̀ ni. AMC tó ni Matchless, AJS àti Norton ti ṣubú ní 1966, CB750 kò sì tíì jáde títí di 1969. Wo ohun tí AMC ń ṣe: ó ń ta AJS àti Matchless onísílíńdà kan bí ẹni pé ilé méjì ni, bẹ́ẹ̀ ibi tí magnẹ́ẹ̀tò wà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun, ti AJS níwájú sílíńdà, ti Matchless lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìrọ wọn ti gbó, owó tó yẹ kí wọ́n fi ra tuntun ni wọ́n ń pín fún àwọn onípìn-ín.

CB750 wá fi ohun tó wà nínú àpótí han gbogbo ayé: 736 cc, sílíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin 67, jíà márùn-ún, búrékì díìsì níwájú, bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Trident àti Rocket 3 tí BSA gbé jáde ní 1968 sáré dáadáa, ṣùgbọ́n kíkì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni, búrékì ìlù ni. Ohun mìíràn tún wà tí ojú lásán kì í rí: àpótí ẹ́ńjìnì Bìrìtìkó là lóròó láàárín, ojú ìsopọ̀ náà sì gba inú ibi tí ọ́ìlì dúró sí kọjá. Ti Honda là ní ìbú, ìsopọ̀ rẹ̀ wà lókè ọ́ìlì. Ìdí tí èkínní fi ń jò nìyẹn. Kì í ṣe èpè.

Ní 1971 BSA àti Triumph gbé fíréèmù tuntun tó ń gbé ọ́ìlì sínú jáde. Àwòrán rẹ̀ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ìjókòó rẹ̀ sì ga ju ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ọdún tí owó ti ń tán ni wọ́n yan fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Irin Kì Í Purọ́
Ẹni tó bá ń wá CB750 àkọ́kọ́: àwọn 7,414 tó ṣáájú, tí nọ́ńbà fíréèmù wọn parí sí CB750-1007414, ni wọ́n ń pè ní "sandcast", torí ojú àpótí ẹ́ńjìnì wọn rí gbàgì-gbàgì. Wo ẹ̀yìn jíà kékeré tí ṣéènì ń gba ibẹ̀. Ṣéènì ìgbà yẹn máa ń já, á ká jọ, á sì fọ́ àpótí ẹ́ńjìnì níbẹ̀. Bí o bá rí àmì wẹ́dà, mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ducati 750SS 1974 náà, 401 péré ni wọ́n ṣe, àfarawé rẹ̀ sì pọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 075.

Ìyá Jíà
Ó yá, ibi tó ń yọni lẹ́nu. Mo kọ èyí tó ń pa ẹ́ńjìnì síwájú.

Triumph àti BSA onísílíńdà méjì kò ní fílítà ọ́ìlì gidi. Túùbù kan wà nínú kíráńkì, bó ṣe ń yí ló ń ju ìdọ̀tí mọ́ ògiri túùbù náà. Nígbà tó bá kún, ọ́ìlì kò ní dé bíárìn ọ̀pá písítìnì mọ́. Bí o bá ra ọ̀kan tí o kò mọ ìtàn rẹ̀, tú kíráńkì jáde. Wọ́n ti fi pọ́ǹṣì lu etí ìdérí tó dí ẹnu túùbù náà kó má baà tú. Fi dírílì kékeré gbẹ́ ojú pọ́ǹṣì yẹn kúrò kó o tó yí i. Ọ̀kan nínú bóòtù tó mú àgbá kíráńkì ló wọnú túùbù, yọ òun ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ò ní fà á jáde láéláé. Nígbà tó o bá ń dá a padà, rí i pé ihò túùbù dojú kọ ihò bóòtù.

Norton Commando: ọ́ìlì máa ń sọ̀kalẹ̀ láti táńkì ọ́ìlì lọ kún ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì bó bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí páǹpù eléyín ni, kò lè dí i pátápátá. Ẹni tó bá wo táńkì ọ́ìlì, tó rí i pé ó lọ sílẹ̀, tó sì bù kún un, yóò tú ọ́ìlì káàkiri nígbà tí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tú bóòtù ìsàlẹ̀, fa ọ́ìlì jáde, wọ̀n ọ́n, dá a padà. Commando 1972 tó ní ẹ́ńjìnì Combat tún ní àìsàn tirẹ̀: kíráńkì máa ń tẹ̀ díẹ̀ bó bá ń sáré, etí rólà bíárìn á sì máa gbẹ́ irin. Superblend, bíárìn tí rólà rẹ̀ yọ díẹ̀ láàárín, ló wò ó sàn. Béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Kabúrétọ̀ Amal Concentric, tó jáde ní 1967: irin kan náà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ àti ohun tó ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa jẹ ara wọn. Ẹ́ńjìnì kò ní dúró jẹ́ẹ́ bí o kò bá fún un ní gáàsì. Kó o tó dá a lẹ́bi, fi irin dírílì 0.016 ínṣì, ìyẹn nọ́ńbà 78, la ihò epo kékeré inú rẹ̀. Ọwọ́ ni kó o fi yí i, má fi ẹ̀rọ.

Ọmọ Kíkì
Wáyà iná Lucas tó wà lára alùpùpù Bìrìtìkó ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Bátìrì mi mú èéfín jáde.

Ìyá Jíà
O ti so òdì, ìyẹn negative, mọ́ ara fíréèmù, àbí? Lórí ọ̀pọ̀ Bìrìtìkó títí dé ìparí àwọn ọdún 1970, positive ló ń lọ sára fíréèmù, wáyà pupa Lucas sì ni wáyà ilẹ̀. Bó o bá gbé e sódì, rẹ́kítífáyà àti dáyóòdù Zener tó ń darí iná á jóná kí fíúsì tó mọ̀, bí fíúsì bá tiẹ̀ wà. Fi mítà dán àwọn méjèèjì wò kó o tó ra bátìrì mìíràn.

Ayékòótọ́
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹyọ kan ló kù: Jawa 350 kan wà níwájú mi, kò ní kíkì. Ṣé wọ́n yọ ọ́ ni?

Ọ̀gá Èéfín
Ó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ jíà ni kíkì rẹ̀. Fi jíà sí òfo, ti ẹsẹ̀ jíà náà wọlé sápá ẹ́ńjìnì, yí i lọ sókè, kó o wá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fà á padà síwájú. Kí o má baà ra ìwé tí kò bá a mu: èyí tí wọ́n tò ní Mysore, ní Íńdíà, láti 1961, tó di Yezdi nígbà tó yá, ní ìwé ẹ̀yà tirẹ̀. Wo àwo tí wọ́n kàn mọ́ ọrùn fíréèmù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.